Ìyàwó mi ń lù mí: ẹ̀yin ará Kétu, Àjàṣẹ́ àti Ṣábẹ̀ẹ́, kí ni kí n ṣe?

Káfíńtà Ìdẹ̀nà (Kétu)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò ní Bẹ̀nẹ̀ wa níbí. Ẹ má bínú pé n kò fi orúkọ mi gan-an wọlé. Káfíńtà ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Ìyàwó mi ń ta aṣọ, ó máa ń ná ọjà kọjá bọ́dà lọ sí apá Nàìjíríà. Owó tó ń wọlé fún un ju tèmi lọ, ìyẹn kò sì dùn mí rárá. Ọmọ méjì ni a bí.

Ohun tó gbé mi wá síbí ni pé ó ń lù mí. N kò sọ pé a jọ ń jà o. Lílù ni. Èébú ló kọ́kọ́ jẹ́, níwájú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ó di ìfọ́tí. Ó di orógùn. Ní oṣù tó kọjá, omi tó gbé kaná láti fi ro ọkà ló dà lé mi lápá òsì, awọ ibẹ̀ bó láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn-ọwọ́. Mo sọ fún àwọn oníbàárà pé gílúù tí mò ń yọ́ lórí iná ló dà sí mi lára. Káfíńtà ẹlẹgbẹ́ mi kan gbé apá náà wò, ó ní gílúù kì í bó awọ báyìí, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

N kò gbé ọwọ́ sí i rí. Ojú ń tì mí débi pé n kò lè sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Bí mo bá lọ sí kòmísáríà, ọ́fíìsì ọlọ́pàá, ṣé wọn ò ní fi mí rẹ́rìn-ín? Ẹ sì mọ Kétu wa yìí. Bí ọ̀rọ̀ bá dé etí àwọn tó ń kọ Ẹ̀fẹ̀, tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá tún jáde, orí mi ni orin máa dá lé. N kò fẹ́ fi àwọn ọmọ mi sílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Zẹ́mì Wàndó (Àjàṣẹ́)

Ha! Káfíńtà tó ń fi òòlù na ìṣó látàárọ̀! Ọ̀gá, gbá a létí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó mọ̀ pé ọkùnrin wà nílé. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìyá Ìbejì (Ọjà Wàndó, Àjàṣẹ́)

Zẹ́mì, ìmọ̀ràn tó máa gbé ọmọ ọlọ́mọ dé ẹ̀wọ̀n lo ń gbà á yìí. Bí ó bá gbá a létí lónìí, gbogbo ohun tó ti ń fara dà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa á rẹ́ yẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin tó wú ni ọlọ́pàá máa rí, wọn ò ní rí apá tó bó. Òfin wà tó ń gba obìnrin lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń lù wọ́n, ti 2012 wà, ti 2021 tún dé. Mo sì dúpẹ́ pé ó wà, nítorí ọkùnrin kan fi èmi náà ṣe ìlù rí kí n tó bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n lù rí ló ń bá yín sọ̀rọ̀ o: ara ọkùnrin náà ń dùn ún.

Àbúrò mi káfíńtà, kọ́kọ́ gbọ́ èyí ná. Bí ó bá ti ń gbóná, má dúró ní ilé ìdáná. Ọ̀bẹ, omi gbígbóná, orógùn, ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tó jáde síta. Má di ọwọ́ rẹ̀ mú, kódà bí ó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ kó dáwọ́ dúró ni, nítorí àmì ìka rẹ máa wà lára rẹ̀ lọ́la, òun ló máa fi hàn. Má gba pọ́tábù lọ́wọ́ rẹ̀. Má tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Jáde. Lọ bá aládùúgbò kan tó máa rí ọ lójú, tó máa lè sọ pé "ó dé ọ̀dọ̀ mi ní alẹ́ ọjọ́ báyìí, bí ara rẹ̀ ṣe rí nìyí." Bí àwọn ọmọ bá wà nítòsí, ẹ jọ jáde ni.

Àwa obìnrin ọjà mọ àwọn ọkùnrin tí nǹkan yìí ń ṣẹlẹ̀ sí, a kàn ń dákẹ́ ni. Ọkùnrin tó kà á lọ kà á bọ̀ kó tó ra gààrì, tó ní kí a má sọ fún ìyàwó òun pé òun ra ẹran mọ́ ọn. A mọ̀ wọ́n.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ọgbẹ́, nítorí òun ni iṣẹ́ mi. Àwọn ọkùnrin ń wá bá wa, òru ló pọ̀ jù. Wọ́n á ní àwọn ṣubú lórí alùpùpù. Ẹni tó ṣubú lórí alùpùpù, orúnkún, ìgbọ̀nwọ́ àti àtẹ́lẹwọ́ ló máa ń bó. Títì kì í ha ènìyàn lọ́rùn, kì í sì í bu ènìyàn jẹ léjìká. A mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá sọ ni a máa kọ. Bí ẹ bá parọ́ fún dókítà, irọ́ náà ló máa wọ inú ìwé, òun náà ni wọ́n sì máa kà sí yín létí ní kóòtù.

Nítorí náà, ẹ lọ ní ọjọ́ náà gan-an, tàbí ní ọjọ́ kejì, kí ọgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jiná. Ẹ sọ ẹni tó ṣe é àti ohun tó fi ṣe é. Ẹ sọ pé sẹ́tífíkà dókítà ni ẹ fẹ́, ẹ má rò pé wọ́n á kàn ṣàdédé fún yín. Dókítà á kọ ibi tí ọgbẹ́ wà, bí ó ṣe gùn tó, bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí, á sì kọ iye ọjọ́ tí ẹ kò ní lè ṣiṣẹ́. Iye ọjọ́ yẹn ni kí ẹ mójú tó. Òun ni ọlọ́pàá àti adájọ́ fi ń mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Ẹni tó bá ń fi akin ṣe, tó ní "dókítà, kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀", ara rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹ ṣe ẹ̀dà sẹ́tífíkà náà, kí ojúlówó má sùn nínú ilé tí wọ́n ti ń lù yín.

Ẹ ya fọ́tò. Ọ̀kan láti òkèèrè kí ojú yín hàn, ọ̀kan ní ìtòsí pẹ̀lú ẹyọ owó 100 sẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbẹ́ kí wọ́n lè mọ bí ó ṣe tóbi tó. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí ọkàn yín balẹ̀ sí.

Fún ẹni tí omi gbígbóná bá dà sí lára: omi tútù tó ń ṣàn, fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ bọ́ òrùka àti aago kúrò kí ọwọ́ tó wú. Kò sí epo pupa, kò sí ẹyin, kò sí ọṣẹ ìfọyín. Ẹni tí wọ́n bá gé jẹ, kó má fi ṣeré, ẹnu ènìyàn ní ìdọ̀tí tó ń mú ọgbẹ́ kẹ̀. Kó lọ gba abẹ́rẹ́. Ẹni tí wọ́n lù lórí, tó wá ń bì tàbí tí oorun ń gbé lọ ṣáá, kò gbọ́dọ̀ dúró dé àárọ̀.

Káfíńtà, apá tìrẹ ti lo oṣù kan, síbẹ̀ lọ fi han dókítà. Àpá náà ń sọ̀rọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ (Pọ̀bẹ́)

Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tíì gbé ẹ̀bi fún obìnrin tí a kò gbọ́ tẹnu rẹ̀. Mo ti rí ọkùnrin tó ń lu ìyàwó rẹ̀ ní àlùbolẹ̀. Ọjọ́ tí ìyàwó fi èékánná gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ọkọ náà ń kiri àdúgbò, ó ń sọ pé ẹ wá wo ohun tí obìnrin fi ojú òun ṣe. Nítorí náà, Káfíńtà, n ó bi ọ́, má bínú sí mi. Ta ló ń bẹ̀rù ta nínú ilé yín? Ta ló ń mú owó? Bí ìró alùpùpù rẹ̀ bá dún lẹ́nu ọ̀nà, kí ni àwọn ọmọ máa ń ṣe?

Káfíńtà Ìdẹ̀nà (Kétu)

Ẹ̀gbọ́n, n kò bínú. Bí alùpùpù rẹ̀ bá dún, èyí àbúrò á wọ abẹ́ tábìlì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á mú ìgbálẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Èmi á kó òòlù àti ṣísẹ́lì sínú àpótí, n ó tì í pa, n ó fi kọ́kọ́rọ́ sínú bàtà mi. Owó ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń kà á ní alaalẹ́. Bí ó bá dín, èmi ni n ó sọ ibi tó wọlé sí. Ó ní bí mo bá sọ̀rọ̀ síta, òun á lọ wí pé mo ń fipá bá òun lò. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí ju orógùn lọ.

Àbẹ̀kẹ́ (Pọ̀bẹ́)

Ó tó. Mo gbà ọ́ gbọ́.

Àwa tí à ń ná ọjà bọ́dà, láti 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ni gbèsè wọ̀ lọ́rùn. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìbínú rẹ̀ ti ń wá. Kò sọ pé kó bó ọkọ rẹ̀ láwọ o. Èmi náà jẹ gbèsè, mi ò tíì wẹ ẹnikẹ́ni lómi gbígbóná.

Ọmọ Àjàṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún àwọn tó ń rò pé káfíńtà nìkan ni. Níbí, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò, ONS, fojú bù ú pé ní ọdún tó parí ní oṣù Kẹta 2023, mílíọ̀nù 1.4 obìnrin àti 751,000 ọkùnrin ni ìwà ipá inú ilé kàn ní Ẹ́ńgílándì àti Wales. Obìnrin pọ̀ jù, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iye ọkùnrin yẹn ju ìlọ́po méjì gbogbo ará Àjàṣẹ́ tí wọ́n kà ní 2013. Kì í sì í ṣe ọwọ́ ìyàwó nìkan, ọwọ́ ọmọ wà níbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wà níbẹ̀.

Akọ̀wé Kóòtù (Àjàṣẹ́)

N kì í ṣe agbẹjọ́rò, lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò ni mo ti ń kọ̀wé. Ìyá Ìbejì ti dárúkọ òfin, ẹ jẹ́ kí n tò ó dáadáa kí ó má rú wa lójú.

Òfin nọ́ńbà 2011-26 ti 9 oṣù Kíní 2012, ti obìnrin ni, orúkọ rẹ̀ gan-an sọ bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní Institut National de la Femme náà, obìnrin àti ọmọbìnrin ló wà fún. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn dúró sí, wọ́n wá ń wí pé ọkùnrin kò ní òfin ní Bẹ̀nẹ̀. Ó ní in. Ìwé òfin ọ̀daràn, nọ́ńbà 2018-16 ti 28 oṣù Kejìlá 2018, fi ìyà sílẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ lu ẹlòmíràn tàbí tó dá ọgbẹ́ sí i lára, kò sì bi wá bóyá ẹni tí wọ́n lù wọ ṣòkòtò tàbí ìró. Òfin ńlá ìlú wa ti 11 oṣù Kejìlá 1990 sọ ọ́ ní ẹ̀ka 26 pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba ní ẹ̀tọ́.

Kòmísáríà ni kí o lọ. Àwọn àgbàlagbà ṣì máa ń wá bírìgéèdì, ọ́fíìsì àwọn jandárù, kiri, ṣùgbọ́n láti 2018 ni wọ́n ti da jandárù àti pọ̀lísì pọ̀ di Police Républicaine. Bí wọ́n bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, tí wọn kò gba ẹ̀sùn rẹ, o lè kọ lẹ́tà tààrà sí procureur, agbẹjọ́rò ìjọba, ní tìrìbúnà, ilé ẹjọ́. Ti ẹ̀yin ará Kétu wà ní Pọ̀bẹ́. Lẹ́tà náà kò nílò gírámà: orúkọ rẹ, orúkọ rẹ̀, ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó rí i, ẹ̀dà sẹ́tífíkà.

Ní ti ìhàlẹ̀ tó ń ṣe pé òun á fi ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ kàn ọ́, má fi ojú kékeré wò ó, má sì jẹ́ kó dì ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀sùn tí o bá ti kọ sílẹ̀ kí ó tó sọ tirẹ̀ ló máa gbà ọ́. Wá ìwé àjákọ kan, fi sí ṣọ́ọ̀bù, máa kọ ọjọ́ tó bá hàlẹ̀ mọ́ ọ àti ọ̀rọ̀ tó sọ gẹ́lẹ́. Bí ó bá fi WhatsApp sọ ọ́, má pa á rẹ́.

Ìbéèrè kan: ṣé ẹ dé mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, àbí ìdána nìkan ni ẹ ṣe? Ìwé òfin ìdílé, 2002-07 ti 24 oṣù Kẹjọ 2004, ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ní mẹ́rì nìkan ló kà sí ìgbéyàwó. Bí ẹ bá dé mẹ́rì, ìlùkulù jẹ́ ìdí tí ọkọ tàbí aya lè fi béèrè ìkọ̀sílẹ̀. Bí ẹ kò bá dé ibẹ̀, kò sí ohun tí adájọ́ máa tú ká, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ nìkan ló kù. Wo ìwé ìbí wọn, orúkọ rẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ohun tó dára fún ọmọ ni adájọ́ ń wò. Jọ̀wọ́, má kó wọn sá kọjá bọ́dà ní òru. Ìyẹn lè sọ ìwọ gan-an di ọ̀daràn. Ní Kétu níbẹ̀, ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ àwùjọ wà, CPS ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ sí GUPS. Ọ̀rọ̀ ọmọ àti ìdílé ni iṣẹ́ wọn, wọn kì í lé ọkùnrin.

Ọmọ Ìlárá

Ní ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà, òfin VAPP ti 2015, tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, ń dáàbò bo ọkùnrin àti obìnrin pa pọ̀, àwọn ìpínlẹ̀ sì ń ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n kò dé Kétu o. Tí ó bá nà ọ́ ní ọjà ní apá ọ̀dọ̀ wa, wá bá ọlọ́pàá ọ̀dọ̀ wa.

Tíṣà Ṣábẹ̀ẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ìyàwó tèmi kò fi orógùn lù mí púpọ̀. Ìwé ló máa ń ya. Ó ya díplómà mi sí wẹ́wẹ́, ó kó o sínú àwo, ó gbé e fún mi pẹ̀lú ṣíbí. Ó máa ń tan iná sí mi lójú ní òru kí n má lè sùn, n ó dé kíláàsì ní àárọ̀, ṣọ́ọ̀kì á bọ́ lọ́wọ́ mi. Owó oṣù mi bá wọlé báyìí, ó ti jáde. Bí mo bá fẹ́ lọ kí ìyá mi, ó ní òun á mu oògùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde nìkan ni.

Ohun tó gbà mí ni àpò kan. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ télọ̀, abẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ ni mo fi àpò náà sí. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń kó nǹkan lọ síbẹ̀: ẹ̀dà ìwé ìbí àwọn ọmọ, káàdì ìdánimọ̀ mi, ìwé alùpùpù, kọ́kọ́rọ́ kejì, ṣẹ́ẹ̀tì méjì, owó díẹ̀ tí mo yọ lára àjọ. Aládùúgbò mi kan mọ̀ pé bí mo bá fi ìwé ránṣẹ́ sí òun pé "ṣé ẹ ní iyọ̀?", kí ó wá kan ilẹ̀kùn. Kì í bá wa jà, á kan ilẹ̀kùn, á ní òun fẹ́ yá kọ̀ǹkọ̀. Ó kan ilẹ̀kùn yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Nígbà tí mo máa lọ, n kò sọ fún un pé mò ń lọ. Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ìgbà tí wọ́n bá mọ̀ pé ènìyàn fẹ́ lọ ni ìjà máa ń le jù. Mo jáde bí ẹni ń lọ sí iṣẹ́. Láti ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti pè, tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti bàbá ìyàwó mi jọ bá a sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá mi títí òṣìṣẹ́ àwùjọ fi bá wa tò ó.

Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́ àti gbogbo ẹ̀yin tó ń gbin òwú, ẹ jọ̀ọ́: ọkùnrin tí ilé bá ti sú dé ibi tó ń sọ pé ó sàn kí òun kú, ẹ kó oògùn òwú kúrò nílé rẹ̀, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń fi "jẹ́ ọkùnrin" dáhùn.

Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé ọwọ́ ọmọ wà níbẹ̀. Òótọ́ ni. Bàbá àgbà kan wà ní àdúgbò wa tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń nà nítorí oko. Gbogbo wa ń gbọ́ ọ. Ọ̀nà kan náà ni: dókítà, kòmísáríà, CPS. Wàhálà tirẹ̀ ni pé kò lè dá gun alùpùpù dé ibẹ̀. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ gbé e.

Zẹ́mì Wàndó (Àjàṣẹ́)

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n bá òun béèrè. Òun náà ń wa zẹ́mì, alùpùpù akérò. Tó bá délé, ìyàwó á tú àpò rẹ̀, á gba owó ọjọ́ náà, títí kan owó epo ọ̀la. Tó bá sọ̀rọ̀, ó lè gbá a ní ìkòkò. Ṣé ìyẹn náà wà lára rẹ̀?

Ìyá Ìbejì (Ọjà Wàndó, Àjàṣẹ́)

Ó wà lára rẹ̀. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé kí ó ka ohun tí Nọ́ọ̀sì kọ lókè yẹn, kí ó má gbá ẹnikẹ́ni létí. Bí ó bá sì fẹ́ ibi tó máa tọ́jú owó epo sí, ìsọ̀ mi kò jìnnà, n kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn.

Bàbá Ẹlẹ́fẹ̀ (Kétu)

Ọmọ mi káfíńtà, o dárúkọ iṣẹ́ wa, mo gbọ́dọ̀ dáhùn. Mo ti wà nídìí Ẹ̀fẹ̀ láti kékeré. Òótọ́ ni pé a máa ń fi àwọn ènìyàn kọrin. Olè, alágbèrè, olóyè tó jẹ owó ìlú. A ti fi ọkùnrin tí ìyàwó ń nà kọrin rí, n kò ní purọ́ fún ọ, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tó ń fi ara pamọ́ ló ń dùn ún kọ. Ọ̀rọ̀ tí àgbà ti gbọ́, tó ti dé kòmísáríà, tí gbogbo ìdílé ti mọ̀, kí la tún fẹ́ tú síta níbẹ̀? Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ kọ ọ́, ẹni tó da omi gbígbóná ni wọn óò máa kọ, bí mo bá ṣì wà láyé. Àwọn ìyá wa ni a ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún, a ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi agbára wọn ṣe rere. Kò sí ibi tí a ti yìn wọ́n pé wọ́n bó ọmọ ènìyàn láwọ.

Nípa ìdílé: lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin. Bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, fi apá náà hàn án, má tíì sọ ohunkóhun. Lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin méjèèjì lọ bá àwọn àna rẹ, lọ́dọ̀ ìyá àgbà wọn bí ó bá wà, nítorí obìnrin máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ju ti bàbá lọ. Kí ẹ ṣe é nígbà tí ìwọ kò ní padà sùn sílé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Tíṣà ti sọ ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá kúnlẹ̀ bẹ ara yín kí ẹ sì jọ padà sílé ní kíá, ẹ ní ẹ ti gbọ́, ẹ sì má padà. Ìpàdé ìdílé kò pa sẹ́tífíkà rẹ́. Àwọn àgbà kan máa ń ní kí a ya ìwé nítorí pé a ti parí ìjà. Má ya á.

Káfíńtà Ìdẹ̀nà (Kétu)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gidigidi. Ìdána nìkan la ṣe, a kò dé mẹ́rì. Orúkọ mi wà nínú ìwé ìbí àwọn ọmọ méjèèjì. Àpótí irinṣẹ́ mi ti wà ní ilé ẹ̀gbọ́n mi láti òwúrọ̀, mo sì ti fi apá náà hàn án. Ó jókòó sílẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà àti kòmísáríà. Faransé mi kò dán mọ́rán. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ níbẹ̀?

Akọ̀wé Kóòtù (Àjàṣẹ́)

Sọ ọ́ ní Yorùbá. Ní Kétu, o ò ní pẹ́ kó o tó rí ọlọ́pàá tó gbọ́ ọ. Má bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ pàdé. Èyí tó kẹ́yìn ni kí o kọ́kọ́ sọ: ọjọ́, àkókò, ibi, omi gbígbóná, apá. Lẹ́yìn náà ni o óò wá sọ àwọn tó ṣáájú. Sọ ìhàlẹ̀ rẹ̀ náà kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Má fi kún un, má sì dín in kù nítorí ìtìjú. Bí wọ́n bá kọ ọ́ tán, Faransé ló máa jẹ́. Ní kí wọ́n kà á kí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí ọ létí kí o tó fọwọ́ sí i. Bí gbólóhùn kan kò bá rí bí o ṣe sọ ọ́, ní kí wọ́n tún un kọ, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Kọ orúkọ ọlọ́pàá tó gbà ọ́ àti ọjọ́ sínú ìwé àjákọ rẹ. Wọ́n lè fún ọ ní ìwé tí o máa mú lọ fún dókítà. Bí o bá ti ní sẹ́tífíkà tẹ́lẹ̀, ẹ̀dà ni kí o fún wọn, mú ojúlówó dání kí wọ́n lè wò ó.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́

Wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó rọrùn láti ká lọ́wọ́. Kí o má sì fi oògùn tàbí ìpara kankan sí apá náà ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí dókítà lè rí i bó ṣe rí.

Bàbá Ẹlẹ́fẹ̀ (Kétu)

Fi ìwé ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, kí o sọ ọjọ́. Èmi, ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ la jọ máa lọ. N ó wọ agbádá, kí wọ́n tètè fún wa ní àga.